ÌPẸ̀TA: Gbòǹgbò Rẹ̀ Nìkan Kọ́ Ni Igi

  

Gbogbo wa la mọ ìtàn Ọ̀sanyìn nígbà tí Ọ̀rúnmìlà rán an pé kó lọ ṣán oko. Ó gbé àdá, ó dé oko, ṣùgbọ́n kò ṣán nǹkan kan. Gbogbo ewéko tó bá dì mú, yóò ní ìwọ kọ́ ni n ó ṣán, torí ìwọ lo ń wo ibà. Yóò tún di òmíràn mú, yóò ní ìwọ náà kọ́, torí ìwọ lo ń wo orí fífọ́. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, oko ṣì wà bó ṣe wà. Ìgbà náà ni Ọ̀rúnmìlà mọ̀ pé ẹni tí òun mú wá sílé kì í ṣe ẹrú lásán. A máa ń sọ ìtàn yìí láti fi yin Ọ̀sanyìn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà nínú rẹ̀ tí a kì í sábà dúró lé lórí: orí ìdúró nínú oko ni Ọ̀sanyìn ti mọ àwọn ewé náà. Kì í ṣe inú àpò ló ti mọ̀ wọ́n, kì í sì í ṣe orí àtẹ ọjà.

Ohun tó mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí rèé. Nígbà kan, a rán mẹ́ta nínú àwọn ọmọ awo tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa pé kí wọ́n lọ ra ìpẹ̀ta wá. Olúkúlùkù lọ sọ́dọ̀ lẹ́kúlẹ́jà tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé, a tú gbòǹgbò náà sílẹ̀ lórí ẹní. Méjì jọra, ìkẹta kò jọ wọ́n rárá. Baba àgbà kan tó jókòó tì wá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi èékánná họ èèpo wọn, ó gbé wọn sí imú. Bó ṣe kan ìkẹta, ó jù ú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Ẹ má fi èyí ṣe nǹkan kan fún ọmọ ọlọ́mọ o." A wá bi àwọn ọmọ náà pé ta ni nínú wọn ti fojú rí igi ìpẹ̀ta rí. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ká má purọ́, nínú àwa àgbà pàápàá, kì í ṣe gbogbo wa ló lè fọwọ́ sọ̀yà.

Àwọn baba wa máa ń sọ pé oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ewé kankan ò kù. Èyí tí a lò kọ́ ni èyí tí a pè. Nítorí náà, a fẹ́ ṣe àlàyé igi ìpẹ̀ta láti orí dé gbòǹgbò, kí ẹni tó bá rí i nínú ọ̀dàn lè dá a mọ̀, kí ẹni tó bá rà á ní ọjà lè mọ ohun tó rà, kí a sì mọ ìdí tí igi yìí fi lè tán mọ́ wa lọ́wọ́ bí a kò bá ṣọ́ra.

ORÚKỌ RẸ̀

Ìpẹ̀ta ni àwa Yorùbá ń pè é. Àwọn Haúsá ń pè é ní uwar magunguna, ìtumọ̀ èyí ni ìyá àwọn oògùn. Àwọn Ìgbò ń pè é ní ezeogwu, ìyẹn ọba oògùn. Ẹ wò ó bí ẹ̀yà méjì tí èdè wọn ò jọra ṣe fi igi kan náà ṣe olórí: ọ̀kan pè é ní ìyá, èkejì pè é ní ọba. Ẹni tí wọ́n bá fún ní irú oyè bẹ́ẹ̀ níbi púpọ̀ kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ.

Orúkọ rẹ̀ láàrin àwọn onímọ̀ nípa ewéko ni Securidaca longipedunculata. Àwọn mìíràn a máa kọ ọ́ ní longepedunculata. Kí ẹni tó bá ń ka ìwé má ṣe rò pé igi méjì ni, ọ̀kan náà ni. Fresenius, onímọ̀ ewéko ará Jámánì, ló sọ ọ́ lórúkọ yìí ní 1837. Inú èdè Látìn ni wọ́n ti mú un. Securis ni àáké lédè náà, nítorí pé ìyẹ́ ara èso rẹ̀ rí bí irin àáké. Apá kejì orúkọ náà ń sọ pé igi tó gbé òdòdó rẹ̀ dúró gùn. Ẹ ò rí i pé àwọn náà a máa wo ìrísí nǹkan dáadáa kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Ẹbí igi tí wọ́n ń pè ní Polygalaceae ni wọ́n kà á mọ́.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ti orúkọ Látìn nínú ọ̀rọ̀ Ifá. Ìbéèrè gidi ni. Lọ́dọ̀ tiwa, orúkọ ewé jẹ́ ara iṣẹ́ tí ewé ń ṣe, torí pé orúkọ náà la fi ń pè é nígbà tí a bá ń pọfọ̀. Pierre Verger, tí a mọ̀ sí Fátúmbí, tẹnu mọ́ èyí nínú ìwé ńlá tó pè ní Ewé, tó jáde ní Brazil ní 1995: ó fi hàn pé ọ̀rọ̀-ìṣe inú ọfọ̀ sábà máa ń jọ ìró kan nínú orúkọ ewé tí a fi ṣe oògùn náà. Nítorí náà, orúkọ Yorùbá ni ẹnu awo nílò, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ kan lè jẹ́ ti igi méjì ní ìlú méjì, igi kan sì lè ní orúkọ mẹ́rin láàrin Ṣakí sí Ìjẹ̀bú. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ àwọn èèyàn bíi Ọ̀mọ̀wé Gbilé, tó kó orúkọ Yorùbá àwọn igi wa jọ sínú ìwé ní 1984, fi wúlò fún wa. Orúkọ Yorùbá ni a fi ń pe igi kó dáhùn. Orúkọ kejì ni a fi ń mọ̀ dájú pé igi kan náà ni gbogbo wa ń pè.

A fẹ́ bá àwọn ọmọ wa tó wà ní Brazil, ní Cuba àti ní Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ díẹ̀ níbí. Orúkọ àkọ́kọ́ yẹn, Securidaca, orúkọ àwọn igi àti ìtàkùn púpọ̀ ni, ilẹ̀ Amẹ́ríkà olóoru sì ni ọ̀pọ̀ jùlọ wọn ń hù sí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rí Securidaca kan nínú igbó ibẹ̀ kó ní òun ti rí ìpẹ̀ta. Ẹbí kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kì í ṣe ẹnìkan náà.

IBI TÓ Ń HÙ SÍ

Ọmọ ọ̀dàn ni ìpẹ̀ta. Ó wà láti Senegal lọ títí dé Sudan àti Ethiopia, ó sì sọ̀ kalẹ̀ gba Angola àti Mozambique dé ìhà àríwá South Africa. Ní ilẹ̀ wa, apá òkè ló ti ń hù: ilẹ̀ Ọ̀yọ́ lápá Ṣakí, Ìgbòho àti Kìṣí, ilẹ̀ Ìlọrin, àti ní òdìkejì ààlà, lápá Ṣábẹ ní Benin. Ibi tí koríko pọ̀ sí, tí igi kò fún mọ́ra, tí iná ń jó lọ́dọọdún, ibẹ̀ ni ilé rẹ̀. Inú igbó dúdú kọ́.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ó ṣe pàtàkì. Awo tó wà ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Oǹdó, tí ń lo ìpẹ̀ta láti kékeré, lè máà rí igi rẹ̀ títí dọjọ́ ogbó. Gbòǹgbò tí wọ́n dì sínú àpò láti òkè ni yóò máa rí. Ìpẹ̀ta tún ní ìbátan kan nínú igbó ńlá, Securidaca welwitschii lorúkọ rẹ̀. Ìtàkùn ni ìyẹn, ó ń gun igi. Bí ẹnìkan bá mú yín wọ inú igbó kìjikìji, tó nawọ́ sí ìtàkùn kan, tó ní ìpẹ̀ta rèé, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa bọ̀ nílé.

BÍ A ṢE LÈ DÁ A MỌ̀

Igi fúnra rẹ̀. Igi kékeré ni. Nígbà mìíràn, ẹ̀ka púpọ̀ a máa yọ láti ìsàlẹ̀, a sì dà bí igbó ṣúúrú. Nígbà mìíràn, a dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ga ju mítà 6 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a máa ń rí èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí ilẹ̀ bá ti dáa. Èèpo ara rẹ̀ ń dán, àwọ̀ eérú tó mọ́ ló ní. Àwọn ẹ̀ka rẹ̀ tínrín.

Ewé. Ewé rẹ̀ kéré, ó gùn bíi sẹ̀ǹtímítà 1 sí 5. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń yọ lára ẹ̀ka, kì í kojú ara wọn ní méjì-méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń ṣù jọ lórí àwọn ẹ̀ka kéékèèké. Etí ewé náà dán, kò ní eyín bíi ti ayùn. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, irun wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀. Bó bá ti gbó, irun náà á re. Ẹ má gbára lé ewé nìkan o, torí pé ìrísí rẹ̀ máa ń yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn: òmíràn á tínrín, òmíràn á fẹ̀ díẹ̀.

Òdòdó. Ibí ni ẹwà igi yìí wà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn títí kan àkókò tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ló máa ń tan òdòdó, nígbà tí ewé lè máà pọ̀ lórí rẹ̀. Òdòdó náà ní àwọ̀ àlùkò tó dà pọ̀ mọ́ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, kò fẹ̀ ju bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lọ, ó sì máa ń so rọ̀ ní ṣísù-ṣísù. Òórùn rẹ̀ dùn, oyin a sì máa wá sídìí rẹ̀. Ẹni tó bá wò ó lójú kan á ní òdòdó ẹ̀wà ni, torí ó jọ ọ́ gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ sún mọ́ ọn. Nínú ewé márùn-ún tó yí ìdí òdòdó náà ká, méjì tóbi ju ìyókù lọ, wọ́n sì ní àwọ̀ bíi ti òdòdó gan-an, wọ́n na apá méjèèjì bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ẹ ka àwọn okùn wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ tó ń ru lẹ́búlẹ́bú: 8 ni. Òdòdó ẹ̀wà sábà máa ń ní 10.

Èso. Bí ẹ bá pàdé igi náà nígbà tó so, iyèméjì tán. Hóró kan ṣoṣo tó rí roboto ló wà nínú èso kọ̀ọ̀kan, ìyẹ́ kan ṣoṣo ló sì wà lára rẹ̀, tó fẹ̀, tó tínrín bíi bébà, tó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 4. Bí ó bá ṣì tutù, ó ní àwọ̀ ewé tó dà pọ̀ mọ́ àlùkò. Bó bá gbẹ, á rí bíi pòròpórò. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e lọ, á máa yí bírí-bírí bọ̀ nílẹ̀. Igi mìíràn wà ní ọ̀dàn tí èso wọn náà ní ìyẹ́. Ìdí, tí a ń gé ṣe orín, jẹ́ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ti ìdí, ńṣe ni ìyẹ́ yí hóró ká. Ti ìpẹ̀ta, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ìyẹ́ wà, bí irin àáké lára èèkù.

Gbòǹgbò. Èyí ni ojú ọjà mọ̀. Ẹ fi èékánná tàbí ọ̀bẹ họ èèpo rẹ̀, kí ẹ gbé e sí imú. Òórùn kan á ta sí yín tó jọ ti ìpara tí a ń fi pa oríkèé ríro gẹ́lẹ́. Ohun tí baba àgbà yẹn ṣe nìyẹn tí àwọn ọmọ wa ò fi lóye rẹ̀. Gbòǹgbò orín àtà náà máa ń wà lórí àtẹ kan náà, òun náà sì lágbára. Ṣùgbọ́n ẹnu ni àtà ń ta, tó ń mú kí ahọ́n kú tìpìrì, igi rẹ̀ sì ní ẹ̀gún lára. Ti ìpẹ̀ta, imú la ti ń mọ̀ ọ́n. Ẹ má ṣe fi ẹnu tọ́ gbòǹgbò tí ẹ kò bá tíì mọ̀. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ GBÒǸGBÒ NÁÀ

Òórùn tí a sọ yìí, àwọn onímọ̀ kẹ́místrì ti wádìí rẹ̀. Ní 2002, àwọn olùwádìí tẹ àbájáde kan jáde tó fi hàn pé methyl salicylate ni olórí ohun tó ń rùn nínú èèpo gbòǹgbò ìpẹ̀ta. Ohun yìí kan náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ ìpara oríkèé tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn, ìbátan aspirin sì ni. Ẹ wá wò ó: ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn baba wa ti ń fi ìpẹ̀ta pa ara ríro, kí ẹnikẹ́ni tó dá ilé iṣẹ́ oògùn sílẹ̀.

Ìwádìí yẹn kò ṣẹ̀yìn ohun tí àwọn àgbẹ̀ ìhà àríwá Ghana ń ṣe. Wọ́n máa ń fi ìpẹ̀ta sínú ọkà tí wọ́n fẹ́ tọ́jú, kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Àwọn olùwádìí tún tẹ iṣẹ́ mìíràn jáde ní 2005, wọ́n rí i pé òórùn yẹn gan-an ló ń pa àwọn kòkòrò náà, tó sì ń lé wọn. Ìmọ̀ àgbẹ̀ ló ṣáájú. Ẹ̀rọ wá jẹ́rìí sí i.

Ohun kejì tó wà nínú rẹ̀ ni saponin. Òun ló ń mú kí gbòǹgbò náà hó bí ọṣẹ tí a bá lù ú sínú omi. Saponin yìí ni ẹ ó ṣọ́ra fún jù. Bó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, a máa fọ́ àwọn ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá pọ̀ nínú ikùn, ó lè mú èébì àti ìgbẹ́ gbuuru wá. Kì í ṣe àsọdùn: àwọn ọdẹ ní àwọn ibì kan ní Áfíríkà a máa lo ìpẹ̀ta nínú oró ọfà, wọ́n a sì máa fi pa ẹja nínú omi. Ohun tó ń pa ẹran, tó ń pa ẹja, ó lè pa ènìyàn. Oògùn àti oró, inú gbòǹgbò kan náà ni wọ́n ń gbé. Ìwọ̀n ló yà wọ́n.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Òórùn ìpẹ̀ta a máa fò lọ. Gbòǹgbò tó ti pẹ́ lórí àtẹ, tí oòrùn ti pa, òórùn rẹ̀ á ti dín kù púpọ̀, ṣùgbọ́n saponin kì í fò lọ bí òórùn. Nítorí náà, ẹni tó bá rí i pé gbòǹgbò kò rùn mọ́, tó wá fi ìlọ́po méjì sí i kó lè "le", oró ló ń fi kún, kì í ṣe oògùn.

ÌLÒ RẸ̀ ÀTI EWU RẸ̀

Láàrin wa àti láàrin àwọn aládùúgbò wa, a mọ ìpẹ̀ta mọ́ orí fífọ́, ikọ́, eyín dídùn, ara ríro, àti ọ̀rọ̀ ejò. Wọ́n a máa lọ̀ ọ́ kúnná, kí ẹni tí orí ń fọ́ fín in díẹ̀ símú, kó sì sín. Wọ́n a máa fi pa ibi tó bá ń ro ni. Wọ́n a sì máa gbé e sílé kí ejò má bàa wọlé. Lẹ́bàá odò Zambezi lọ́hùn-ún, okùn ni wọ́n ń fi èèpo igi náà ṣe, tí wọ́n fi ń hun àwọ̀n; buaze ni wọ́n ń pè é. A kò ní to àpòpọ̀ oògùn kankan síhìn-ín. Ẹni tó bá yẹ kó mọ̀ ọ́n, ẹsẹ̀ olúwo rẹ̀ ni yóò ti gbà á.

Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ò nílò ìtẹ̀fá kí a tó sọ ọ́. Aboyún kò gbọdọ̀ mu ìpẹ̀ta. Ọmọdé kò gbọdọ̀ mu ún. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, tàbí ẹni tí aspirin kì í bá lára mu, kó jìnnà sí i. Ẹni tí dókítà fún ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó sọ fún awo, kí awo náà má sì fi ìpẹ̀ta fún un. Fífi pa ara gan-an lè fa wàhálà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. A kò gbọdọ̀ fi í sí ojú ara obìnrin lábẹ́ bó ti wù kó rí. Ó ti pa ènìyàn. Ní ti ẹni tí ejò bù jẹ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá níbi tí wọ́n ti lè fún un ní abẹ́rẹ́ oró ejò, kí ẹ máa pọfọ̀ lọ lójú ọ̀nà. Ọ̀rúnmìlà kò ní bínú sí wa pé a gba ẹ̀mí là.

ÌDÍ TÍ Ó FI Ń DÍN KÙ

Ẹni tó bá já ewé ọ̀dúndún, ọ̀dúndún á tún rú. Ẹni tó bá hú gbòǹgbò ìpẹ̀ta, ó ti hú ìpẹ̀ta nìyẹn. Ní ṣókí, ìṣòro wa nìyí. Gbòǹgbò la ń wá, gbòǹgbò náà ni igi fi ń mí, tó fi ń mumi. Igi náà kì í tètè dàgbà, hóró rẹ̀ sì ṣòro láti mú kó hù. Ó lè ta èéhù láti ara gbòǹgbò tó bá kù nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá wú gbogbo rẹ̀ tán, kí ló kù tí yóò ta èéhù?

Láyé àtijọ́, awo tàbí ọdẹ ló ń lọ wa ohun tó tó o, á sì bo kòtò padà. Lónìí, àwọn tó ń wa á fún ọjà kò mọ ẹni tí yóò lò ó, àwa tí a ń lò ó kò sì mọ ẹni tó wa á. Àpò ló wà láàrin wa. Ní South Africa, ìjọba ti fi igi yìí sára àwọn igi tí òfin dáàbò bò, kò sẹ́ni tó lè gé e láìgba ìyọ̀ǹda. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ṣé òfin ìjọba ló yẹ kó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa ni, àbí ìmọ̀ Ọ̀sanyìn?

Àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé bí ìpẹ̀ta bá tán, a ó wá nǹkan mìíràn fi rọ́pò. Ó rọrùn láti sọ. Ṣùgbọ́n bí a ti ṣe sọ ṣáájú, orúkọ ewé wà nínú ọfọ̀. Bí igi bá lọ, ọ̀rọ̀ tó ń pè é á di ọ̀rọ̀ tí kò sẹ́ni tó ń dáhùn. Ní 2005, UNESCO kéde Ifá mọ́ ara àwọn ìṣúra tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa mọ́, inú wa sì dùn. Ohun tí wọ́n kéde, ẹnu la fi ń sọ ọ́. Igi tí ẹnu ń dárúkọ, inú ọ̀dàn ló wà, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ.

OHUN TÍ A DÁBÀÁ

1. Kí gbogbo awo tó ń kọ́mọ níṣẹ́ mú àwọn ọmọ náà lọ sí ọ̀dàn ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán, nígbà òdòdó ìpẹ̀ta. Ẹni tó wà ní apá ìgbó kó bá awo ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà lókè sọ̀rọ̀. Ilé awo kò jìnnà sí awo.

2. Kí a má ra gbòǹgbò tí a kò bá họ, tí a kò sì gbọ́ òórùn rẹ̀. Bó bá ṣe é ṣe, kí a ní kí ẹni tó wa á mú ẹ̀ka kan tó ní ewé, òdòdó tàbí èso wá pẹ̀lú rẹ̀.

3. Bí iyèméjì bá wà, kí a mú ẹ̀ka náà lọ sí ibi tí wọ́n ń tọ́jú ewéko gbígbẹ ní ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó, FRIN, ní Jẹ́ríkò, Ìbàdàn. Bẹ́bà ìwé ìròyìn ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ kó gbẹ, kí ẹ kọ orúkọ ìlú àti ọjọ́ tí ẹ já a sí i. Kò bà wá nínú jẹ́ láti bi ẹlòmíràn léèrè. Béèrè-béèrè kì í ṣìnà.

4. Ẹni tó bá máa wa gbòǹgbò, kó wa ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Kó mú gbòǹgbò tó gba ẹ̀gbẹ́ lọ, kó fi èyí tó lọ sísàlẹ̀ tààrà sílẹ̀. Kó bo kòtò padà. Kó má padà sí ìdí igi náà fún ọdún mélòó kan.

5. Bí ewé ni Ifá ní ká lò, ewé ni ká já. Kí a má torí pé gbòǹgbò wà lọ́jà, ká fi gbòǹgbò rọ́pò ewé.

6. Kí olúkúlùkù wa tó ní ilẹ̀ lápá ọ̀dàn gbìyànjú láti gbin díẹ̀. Yọ ìyẹ́ kúrò lára hóró kí o tó gbìn ín. Má retí pé gbogbo rẹ̀ ni yóò hù. Bí mẹ́ta bá hù nínú púpọ̀, dúpẹ́, kí o sì dáàbò bo mẹ́ta náà lọ́wọ́ iná ọ̀dàn.

ÀSỌPARÍ

Àwọn baba wa kì í já ewé láìjúbà. Ìdí ewé ni wọ́n ti ń kí Ọ̀sanyìn, wọ́n á fi owó sílẹ̀, wọ́n á sì mú ìwọ̀nba ohun tí wọ́n wá gbà. Kò sí bí a ṣe lè ṣe èyí fún gbòǹgbò tí wọ́n kó wá nínú ọkọ̀ láti ibi tí a kò mọ̀. A lè júbà lórí àtẹ ọjà, ṣùgbọ́n igi kò sí níbẹ̀ láti gbọ́ wa.

Àwọn ọmọ mẹ́ta tí a rán lọ ọjà lọ́jọ́ náà, a mú wọn lọ sí apá Ṣakí nígbà tó yá, nínú oṣù Ẹrẹ́nà. Ọ̀nà jìn, oòrùn mú. Nígbà tí a rí igi kan tó wọ aṣọ àlùkò láàrin koríko tí iná ti jó, àwọn ọmọ náà kò mọ̀ ọ́n. A kò sọ nǹkan kan fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka wú iyanrìn díẹ̀ kúrò níbi tí gbòǹgbò kan ti yọrí síta, ó họ ọ́, ó gbé ìka sí imú. Ó wo ojú wa, ó ní, "Baba, òun nìyí." Ó bo iyanrìn náà padà. Kò sẹ́ni tó wa gbòǹgbò kankan lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sanyìn á jẹ́ ká mọ̀ ọ́n, á sì jẹ́ ká bá a níbẹ̀ nígbàkígbà tí a bá padà lọ. Àbọyè, àbọṣíṣẹ o.